Ogún Ìṣẹ́jú Orí Òkè

Bàbá mi ní àwọn ò lè fi ọmọ àwọn fún ẹni tó fọwọ́ kan aago àwọn. Mo ní kò burú, kí wọ́n fi aago náà ṣe ọmọ, kí èmi máa bá ọkọ mi lọ. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi, mi ò dá bàbá mi lóhùn bẹ́ẹ̀ rí. Ẹ̀rù bà mí, ó sì tún dùn mọ́ mi.

Ẹ má tíì dá mi lẹ́jọ́. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ irú aago tí à ń wí.

Bàbá mi ni olùṣọ́ ẹnu ọ̀nà òkè. Òkè wa ga, ọ̀nà àyíká ló sì ní. Ẹ ó gba ọwọ́ ọ̀tún gòkè, ẹ ó kọjá ibi tóóró kan tí gbogbo èèyàn ń pè ní Ọrùn, ẹ ó dé ṣóńṣó, ẹ ó gba ẹ̀yìn òkè sọ̀ kalẹ̀, ẹ ó sì tún yọ sí ẹnu ọ̀nà kan náà láti ọwọ́ òsì. Odindi ọjọ́ kan ni. Wọ́n á ṣílẹ̀kùn ní aago mẹ́fà àárọ̀, aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ kò sì gbọdọ̀ bá ẹnikẹ́ni lókè. Ẹni tí kò bá tíì dé Ọrùn nígbà tí bàbá mi bá lu agogo ọ̀sán gbọ́dọ̀ yí padà síbi tó ti wá, torí ẹ̀yìn òkè kò ṣeé rìn nínú òkùnkùn. Aago ńlá ara ògiri ilé ẹ̀ṣọ́ ni bàbá mi ń wò lu agogo náà. Wọn kì í so aago mọ́wọ́.

Ìwé ńlá kan wà lórí tábìlì wọn. Ẹni tó bá ń gòkè á kọ orúkọ rẹ̀, á kọ aago tó jáde, á sì kọ ohun tí ẹni tó bá a lọ jẹ́ sí i: ọ̀rẹ́, àbúrò, ìyàwó, kí wọ́n lè mọ ẹni tí wọ́n máa ránṣẹ́ sí bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀. Tó bá dé, bàbá mi á fi bírò pupa kọ ọ̀rọ̀ kan síwájú orúkọ rẹ̀. Tó bá yí òkè náà ká, "Yíká." Tó bá ti ojú ọ̀nà yí padà, "Padà." Mo ti rí àgbàlagbà onírùngbọ̀n tó ń bẹ bàbá mi nítorí ọ̀rọ̀ kejì yẹn. Bàbá mi kì í gbẹ̀bẹ̀.

Èmi, ìwé ni mò ń rán. Ìwé tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti já, ìwé tí ojú ewé rẹ̀ ń já bọ́, abẹ́rẹ́ àti okùn ni mo fi ń kó wọn jọ. Ṣọ́ọ̀bù mi ò tóbi: tábìlì kan, fèrèsé kan, àti irin tí mo fi ń tẹ ìwé mọ́lẹ̀ kí gọ́ọ̀mù rẹ̀ tó gbẹ. Ibẹ̀ ni atúnaagoṣe tí mò ń pè ní ọkọ mi yìí ti bá mi. Ó gbé ìwé kan wá tó fi rọ́bà dì káàkiri.

"Ẹ kú iṣẹ́, mà. Ṣé ẹ lè bá mi tún èyí ṣe?"

Mo tú rọ́bà náà, ojú ewé sì ya dà sílẹ̀. "Ta ló fi eyín já a?"

"Kò sẹ́ni tó fi eyín já a, mà. Mo máa ń gbé aago lé e lórí ni, kó má baà yọ̀ lórí tábìlì."

"Ìwé tó ń kọ́ yín bí wọ́n ṣe ń tún aago ṣe, òun lẹ wá sọ di ìrọ̀rí aago?"

Ó rẹ́rìn-ín. Ọkùnrin gíga ni, ó tẹ̀ díẹ̀ lọ́rùn nítorí ìjókòó, awò kékeré tó máa ń há mọ́ ojú ọ̀tún sì ti fi àmì róbótó sílẹ̀ níbẹ̀. Mo ní kó padà wá lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀. Ọjọ́rú ló dé.

"Ọjọ́bọ̀ ni mo wí. Ẹ̀yin tí ẹ ń tún aago ṣe, ẹ ò mọ ọjọ́ ni?"

"Mo mọ̀ ọ́n. Mo fẹ́ rí yín lẹ́ẹ̀mejì ni."

Mo ní kó jáde, kó padà wá lọ́la. Ìgbà tó jáde tán ni mo tó rẹ́rìn-ín, mo sì fi abẹ́rẹ́ gún ara mi lọ́wọ́.

Ó ń gbé ìwé wá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kẹfà ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í pè é ní "ìwọ." Ọ̀sẹ̀ kẹwàá, ó gbé ìwé kan wá tí ara rẹ̀ ṣì ń dán, tí wọ́n ya láàárín gbọnrangandan.

"Kí ló ṣe èyí?"

"Ọwọ́ mi ni," ló wí. "Ìwé tó gbó ti tán nílé. Mi ò fẹ́ máa wá ìwé tí mo máa ya kí n tó lè rí ẹ. Fẹ́ mi, kí àwọn ìwé yòókù lè sinmi."

Mo bá a jà gan-an nítorí ìwé yẹn. Ìjà náà pẹ́. Lẹ́yìn tó parí, mo ní mo gbà.

* * *

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì kan ni mo mú un lọ sọ́dọ̀ bàbá mi. Wọ́n bi í ní ìbéèrè díẹ̀, ó dáhùn dáadáa, ara mi sì ń balẹ̀. Ìgbà tí bàbá mi lọ ti ìlẹ̀kùn ẹnu ọ̀nà, tí èmi sì wà ní ìdáná tí mò ń gé búrẹ́dì, ọ̀gbẹ́ni wo aago ògiri, ó wo aago ọwọ́ rẹ̀. Aago ògiri fi ogún ìṣẹ́jú yá. Ẹ bá mi ro bí ìyẹn ṣe máa rí lójú atúnaagoṣe. Ó ṣí gíláàsì rẹ̀, ó dá ọwọ́ aago padà sí bó ṣe yẹ, ó sì pa á dé jẹ́jẹ́.

Ìgbà tí à ń lọ sílé ló tó sọ fún mi, inú rẹ̀ ń dùn. "Mo ti fún bàbá lẹ́bùn. Wọn ò tíì mọ̀."

Mo yìn ín. Èyí tó ń dùn mí jù nìyẹn. Láti kékeré ni mo ti mọ̀ pé aago yẹn máa ń yá, mo rò pé ogbó ló ń ṣe é. Èmi fúnra mi ni mo sọ pé, "Inú wọn á dùn."

Lọ́jọ́ kejì, Sátidé, olùkọ́ ìṣirò kan tó ti fẹ̀yìn tì gòkè. Ó dé Ọrùn díẹ̀ kí agogo ọ̀sán tó lù, ó sì kọjá. Lọ́jọ́ mìíràn, agogo ì bá ti lù kó tó débẹ̀, ì bá sì ti yí padà. Ilẹ̀ ṣú bá a láàárín àwọn òkúta ẹ̀yìn òkè, ó yọ̀, ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ kán. Ojú ọ̀run ló kọ́kọ́ ta bàbá mi lólobó, torí ó dúdú ju bó ṣe yẹ kó dúdú ní aago mẹ́fà. Àwọn fúnra wọn ni wọ́n pọn olùkọ́ náà sọ̀ kalẹ̀.

Àárọ̀ Sọ́ńdè, wọ́n ránṣẹ́ pè wá.

"Ìwọ lo fọwọ́ kan aago mi?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ó ti fi ogún ìṣẹ́jú yá, mo wá ní kí n..."

"Ta ló bi ọ́ léèrè? Ṣé mo sọ fún ọ pé aago mi ń ṣàìsàn?"

"Ẹ má bínú, sà. Mi ò mọ̀ pé..."

"O ò mọ̀. Ẹni tí kò mọ̀ kì í bèèrè lọ́dọ̀ tiyín?" Wọ́n kọjú sí mi. "Ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó yìí, mi ò fẹ́ gbọ́ ọ mọ́."

Ìgbà yẹn ni mo dá wọn lóhùn.

* * *

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin ló dá sí i. Nọ́ọ̀sì ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, Àǹtí Nọ́ọ̀sì ni gbogbo wa ń pè wọ́n, ọ̀dọ̀ wọn ni mò ń gbé. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n fi ń rìn láàárín wa, tí wọ́n ń gbé ọ̀rọ̀ lọ, tí wọ́n ń gbé ọ̀rọ̀ bọ̀.

"Bàbá rẹ ń kọ́? Mo gún un lábẹ́rẹ́ ọ̀rọ̀ títí, abẹ́rẹ́ ló ń tẹ̀." Wọ́n jókòó, wọ́n bọ́ bàtà. "Àmọ́ mo rí nǹkan díẹ̀ gbà. Ó ní kí ọmọkùnrin náà yí òkè ká lóòjọ́. Kó dé kí agogo mẹ́fà tó lù, agogo tòun, kì í ṣe ti ẹlòmíràn. Bó bá ṣe é, á gbà. Bí kò bá ṣe é, kí ẹnikẹ́ni má tún yọ òun lẹ́nu."

Atúnaagoṣe gbọ́ ọ, ojú rẹ̀ rẹ̀wẹ̀sì. "Ìjókòó ni iṣẹ́ mi. Òkè tó ga jù tí mo gùn rí ni àtẹ̀gùn ilé ìwòsàn."

"A jọ ń lọ ni," ni mo wí.

"Bàbá ẹ ò tíì jẹ́ kí ìwọ gan-an gòkè rí."

"Ìdí tí mo fi ń lọ nìyẹn. Mi ò lè jókòó nísàlẹ̀ kí ẹnì kan máa fi ẹsẹ̀ rẹ̀ rìn gbà mí, bí ìgbà tí wọ́n ń du àpò ìrẹsì. Bí wọ́n bá máa fi òkè dán wa wò, kí wọ́n dán àwa méjèèjì wò."

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni mò ń tún àwọn ìwé àtijọ́ ẹnu ọ̀nà rán. Kó tó di pé ìjà dé ni bàbá mi ti kó wọn wá fún mi. Èyí tó gbó jù nínú wọn ju ọjọ́ orí mi lọ. Mò ń tú okùn rẹ̀ nígbà tí ojú ewé kan já lé mi lẹ́sẹ̀, mo sì rí orúkọ Màmá mi.

Ó ti pẹ́ tí Màmá mi ti kú. Ọmọ olùṣọ́ òkè ni wọ́n, bàbá wọn ló ní ìwé náà nígbà yẹn. Ọwọ́ Màmá mi ló kọ orúkọ méjì tẹ̀ lé ara wọn, tiwọn àti ti bàbá mi. Síwájú tiwọn, bírò pupa kọ "Yíká, aago mẹ́fà kọjá ogún ìṣẹ́jú." Síwájú ti bàbá mi, ó kọ "Padà." Bàbá mi tó máa ń sọ fún gbogbo ayé pé ìgbà tí àwọn ti yí òkè yẹn ká kò lóǹkà!

Ìyẹn nìkan kọ́. Ní àyè tí wọ́n ti ń kọ ohun tí ẹni tí a bá lọ jẹ́ síni, Màmá mi kọ "ọkọ mi." Mo ṣírò ọjọ́ náà lẹ́ẹ̀mejì. Ó ku odindi ọdún kan kí wọ́n tó ṣègbéyàwó. Bírò pupa sì fa ìlà kọjá lórí ọ̀rọ̀ náà, ìlà tó nípọn, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ ya ìwé.

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ṣọ́ọ̀bù mi fún ìgbà pípẹ́. Ó ń ṣe mí bíi kí n gbé e lọ bá bàbá mi lójú ẹsẹ̀, kí n dójú tì wọ́n. Mo tún rò ó pé kí n fi í sílẹ̀. Mo rán an padà sáyè rẹ̀, mo sì gbé ìwé náà pa mọ́ sínú àpò mi.

* * *

Sátidé tó tẹ̀ lé e, ilẹ̀ ò tíì mọ́ dáadáa nígbà tí a dé ẹnu ọ̀nà. Bàtà tuntun ni àfẹ́sọ́nà mi wọ̀. Mo ti sọ fún un pé kó má wọ bàtà tuntun.

Bàbá mi rí báàgì lẹ́yìn mi. "Níbo nìwọ ń lọ?"

"Mò ń gòkè, Bàbá."

"Mi ò rán ọ."

"Mo mọ̀, Bàbá." Mo fa ìwé sọ́dọ̀ mi, mo kọ orúkọ àwa méjèèjì, mo sì kọ "ọkọ mi" gàdàgbà sí iwájú tirẹ̀.

Bàbá mi ka ọ̀rọ̀ náà. Mo rí i pé ọwọ́ wọn dúró nínú afẹ́fẹ́ díẹ̀. Lẹ́yìn náà wọ́n fa ìlà pupa kọjá lórí rẹ̀.

"Ẹ máa fà á," ni mo wí. "Ó ṣeé kà síbẹ̀."

Wákàtí méjì àkọ́kọ́ ò burú, koríko ni, àti odò kékeré kan tí èèyàn lè fò kọjá. Ìgbà tí a kan òkúta wẹ́wẹ́ ni ìyà bẹ̀rẹ̀. Èèyàn á gbé ẹsẹ̀ kan síwájú, òkúta á yọ̀, á dá ìdajì rẹ̀ padà. Bàtà tuntun bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ọkọ mi ní gìgísẹ̀. A dúró, a fi aṣọ wé e, a tún rìn. A tún dúró. Mò ń wo Ọrùn níwájú wa, kò sún mọ́ wa rárá.

Nígbà tó yá, agogo dún láti ìsàlẹ̀. Ìlù méjìlá, mo kà á. Ọrùn ṣì wà lókè wa ní nǹkan bíi ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Ó wo aago ọwọ́ rẹ̀. Èmi náà wò ó. Aago méjìlá ku ogún ìṣẹ́jú. Bàbá mi ti tún ti aago ògiri síwájú bó ṣe wà tẹ́lẹ̀.

"Ọjọ́ ò tíì kanrí," ni mo wí. "Ká máa lọ! Tí a bá dé Ọrùn, ogún ìṣẹ́jú ọ̀hún ò ní tíì pé."

Kò dìde. "Agogo ti lù."

"Agogo irọ́! Ìwọ lo mọ̀ pé irọ́ ni, ìwọ gan-an lo tún un ṣe."

"Mo tún un ṣe, ẹsẹ̀ ẹni ẹlẹ́ni sì kán. Mi ò kọjá agogo yẹn, mi ò sì fẹ́ kí o kọjá rẹ̀."

"Ṣé o mọ̀ pé bí a bá sọ̀ kalẹ̀ báyìí, o ti pàdánù mi?"

"Mo mọ̀ ọ́n." Omi lé sí i lójú. "Mi ò fẹ́ fi òkú ẹ ṣe ìyàwó."

Inú bí mi. Mo fi í sílẹ̀ níbẹ̀, mò ń gòkè lọ ní èmi nìkan. Mò ń bi ara mi pé, ṣé ìfẹ́ ni èyí àbí agídí? Ṣé ọkùnrin tó máa yí padà ní gbogbo ìgbà tí ẹnì kan bá lu agogo ni mo fẹ́ lọ fẹ́? Mo dé Ọrùn. Mo rí ẹ̀yìn òkè fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé mi, àwọn òkúta ńláńlá tó tò sọ̀ kalẹ̀ títí tí ojú ò fi tó wọn mọ́, oòrùn ò sì tíì kan ìdàkejì wọn. Mo yíjú padà. Ó ṣì jókòó síbi tí mo fi í sí, ó ti bọ́ bàtà kan, ó ń wò mí. Kò ju ọwọ́ sí mi, kò pè mí. Ó kàn ń dúró dè mí ni.

Mo sọ̀ kalẹ̀ lọ bá a. Kì í ṣe agogo ló dá mi padà, mo fẹ́ kí ẹ mọ ìyẹn.

* * *

Aago mẹ́ta kọjá díẹ̀ nígbà tí a yọ, láti ọwọ́ ọ̀tún, lójú bàbá mi. Àǹtí Nọ́ọ̀sì ti wà níbẹ̀ pẹ̀lú báńdéèjì àti omi gbígbóná. Bàbá mi mú bírò pupa. Wọ́n kọ "Padà," wọ́n tún kọ "Padà" sábẹ́ rẹ̀.

"Ó parí nìyẹn," ni wọ́n wí.

"Kò tíì parí, Bàbá." Mo yọ ìwé àtijọ́ jáde, mo ṣí i síwájú wọn.

Wọ́n wò ó, wọ́n gbójú sókè. "Níbo lo ti rí èyí?"

"Ẹ̀yin lẹ kó o fún mi, ẹ ní kí n tún un rán."

Àǹtí ti fi awò sójú. "Ẹ̀n-ẹ́n! Padà! Ìwọ tí o ti yí òkè ká ìgbà àìlóǹkà! Gbogbo ilé yìí lo fi ń ṣe yẹ̀yẹ́!"

"Ta ló máa gbọ́ràn sí olùṣọ́ òkè tí kò yí òkè ká rí?" Bàbá mi jókòó. Wọ́n fi ìka tọ ojú ewé náà, ibi tí ọwọ́ Màmá mi wà. "Bàbá ìyá rẹ ò fẹ́ mi. A jọ gòkè lọ láti fi hàn án. A ò tíì dé Ọrùn tí agogo fi lù. Mo ní ká padà, ìyá rẹ ní òun ò padà, pé ká pàdé nísàlẹ̀. Mo sọ̀ kalẹ̀, mo dúró síbi tí o dúró sí yẹn. Aago mẹ́fà lù, kò yọ. Ìkùukùu ti bo gbogbo ẹ̀yìn òkè, èèyàn ò lè rí ọwọ́ ara rẹ̀. Mò ń pariwo orúkọ rẹ̀, kò dáhùn. Ogún ìṣẹ́jú."

Àǹtí bọ́ awò ojú wọn.

"Ó fi ọwọ́ àti orúnkún wá ọ̀nà láàárín òkúta fún gbogbo ogún ìṣẹ́jú yẹn. Ìgbà tó wọlé, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ti bó. Kò kí ẹnikẹ́ni. Ó gun àga, ó ti ọwọ́ aago yìí síwájú ní ogún ìṣẹ́jú, ó ní kò sẹ́ni tó tún máa rin irú ogún ìṣẹ́jú bẹ́ẹ̀ mọ́. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, bó ṣe tò ó lọ́jọ́ yẹn ni mò ń tò ó." Wọ́n wo atúnaagoṣe. "Òun lo fi ìka kan pa rẹ́."

Ọkọ mi dìde lórí ẹsẹ̀ tó ti bó. "Mi ò mọ̀, sà. Ó yẹ kí n bèèrè. Ẹ dákun."

Bàbá mi kọjú sí i. Wọ́n ní, "Nígbà tí mo lu agogo ọ̀sán, kí ni aago ọwọ́ rẹ wí?"

"Méjìlá ku ogún ìṣẹ́jú, sà."

"Ó ku mélòó kí ẹ dé Ọrùn?"

"Bíi ìṣẹ́jú mẹ́wàá, sà."

"O lè kọjá. Ta ló máa mọ̀? Kí ló dé tí o ò kọjá?"

"Olùkọ́ yẹn ṣì ń fi ọ̀pá rìn, sà. Mo máa ń lọ kí i lójoojúmọ́."

Mi ò mọ̀ pé ó ń lọ kí i. Kò sọ fún mi rí. Gbogbo ìbínú tí mo gbé sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè tú, mo sì nífẹ̀ẹ́ rẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Bàbá mi pa ìwé dé. "Ohun tí mo sọ ni mo sọ ṣá. Ẹ ò yí i ká."

"Ẹ gbọ́ mi, Bàbá," ni mo wí. "Bàbá Màmá mi fa ìlà pupa lórí ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ. Ṣé Màmá mi ò fẹ́ yín? Ẹ̀yin náà ti fa tiyín, mo sì máa fẹ́ ẹ. Padà ni, mo gbà á bẹ́ẹ̀. Ní Sátidé tó ń bọ̀ a máa yí òkè yẹn ká, kì í ṣe kí ẹ lè gbà fún mi. Mo fẹ́ rí ibi tí Màmá mi rìn ni. Ẹ̀yin náà, ẹ wá bàtà yín. Ó ti pẹ́ jù tí ẹ ti ń kọ 'Padà' fún ọmọ ẹlòmíràn."

Bàbá mi wo bàtà ẹsẹ̀ wọn. Ohun tí wọ́n rí sọ ni pé, "Ta ló máa wá lu agogo?"

"Ọwọ́ mi ti rọ ni?" ni Àǹtí Nọ́ọ̀sì wí.

* * *

Sátidé náà, bàtà àtijọ́ ni ọkọ mi wọ̀. Mo kọ orúkọ àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Mo tún kọ "ọkọ mi," mo sì na bírò pupa sí bàbá mi pé kí wọ́n fà á, tí wọ́n bá fẹ́. Wọ́n gba bírò náà, wọ́n fi í sápò, wọ́n ní ká máa lọ, ilẹ̀ ti ń mọ́.

A ti fi Ọrùn sẹ́yìn kí Àǹtí tó lu agogo. Láti ibẹ̀ dé ṣóńṣó, àpáta lásán ni, ìka la fi ń dì í mú, atẹ́gùn sì ń fà wá láṣọ. Orí ṣóńṣó ò tóbi ju ṣọ́ọ̀bù mi lọ. A jẹ búrẹ́dì níbẹ̀, bàbá mi ò jẹun. Wọ́n kọjú sí ẹ̀yìn òkè, wọ́n ń wò ó bí ẹni tó ń wá nǹkan.

Ìsọ̀kalẹ̀ le ju ìgòkè lọ. Àwọn ibòmíràn wà tó jẹ́ pé ìdí la fi wọ́ kọjá. Níbi táwọn òkúta ńlá ti há ara wọn mọ́ jù, bàbá mi dúró, wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ kan ọ̀kan nínú wọn. Ọkọ mi ti lọ síwájú, ó padà wá, ó na ọwọ́ sí wọn. Bàbá mi wo ọwọ́ yẹn. Wọ́n dì í mú, wọn ò sì fi í sílẹ̀ títí a fi dé ilẹ̀ pẹrẹsẹ.

Ọwọ́ òsì la ti yọ. Aago ògiri wí pé mẹ́fà ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Àǹtí ń pàtẹ́wọ́, wọ́n ń sunkún, wọ́n tún ń bú wa pé a pẹ́. Bàbá mi ò jókòó. Wọ́n ṣí ìwé, wọ́n yọ bírò pupa, wọ́n kọ "Yíká" fún mi, wọ́n kọ ọ́ fún ọkọ mi. Ìgbà tó kan tiwọn, lẹ́tà náà wọ́.

Lẹ́yìn náà, bírò náà padà lọ síbi tí mo kọ "ọkọ mi" sí. Mo ti múra ìjà sílẹ̀. Wọn ò fa ìlà. Wọ́n kọ ọ̀rọ̀ méjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀: "àna mi."

Ọdún méjì lẹ́yìn ìgbéyàwó wa, ìwé yẹn kún, bàbá mi sì gbé e wá fún mi láti rán. Okùn ẹyọ kan ni mo máa ń lò. Ojú ewé yẹn, okùn méjì ni mo fi rán an.